Ẹyọ Òdòdó Kan fún Fọtunáta

Òjò kì í rọ̀ ní Lima. Ìkùukùu ni tiwọn. Tó bá di oṣù kẹfà, á ti ojú òkun wá, á bo òkè oníyanrìn tó wà lẹ́yìn ilé àwọn tálákà, òkè tó ti gbẹ táútáú látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn á sì hu ewé. Ìgbà náà ni òdòdó àmánkáì aláwọ̀ ìyeyè máa ń yọ, kì í sì í lò tó oṣù kan kó tó lọ.

Teófilo Huaringa ló ń ṣọ́ òkè náà. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ o! Ogún ọdún ló fi ń lé àwọn tó ń já òdòdó. "Ojú ni kẹ́ ẹ fi wò ó, ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò níbẹ̀!" Alágídí paraku ni. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ Soráída, aládùúgbò rẹ̀, ó já òdòdó gbà kúrò nínú irun ìyàwó tuntun. Soráída fìbínú bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ bí òkè ni?" Látọjọ́ náà, wọn ò kí ara wọn mọ́.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Fọtunáta, ìyàwó Teófilo, dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìkùukùu tó ń mú kí òdòdó yọ náà ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́.

"Bàbá Nélida, ṣé àwọn òdòdó ti yọ?" Orúkọ ọmọ wọn ni Fọtunáta fi ń pe ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n ti yọ. Mọ́kànlélógójì ni mo kà."

"Ẹ já ẹyọ kan wá fún mi, kí n rí i."

"Háà, ìwọ tá a jọ ń lé olè! Fara balẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, màá pọ̀n ọ́ lọ wò ó."

"Ẹ̀yìn wo lẹ fẹ́ fi pọ̀n mí, arúgbó yìí?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, àfi bí ikọ́ ṣe gbé ìyá náà. Kò béèrè mọ́.

Àìsàn ló ṣeé wò, a kì í rí tọlọ́jọ́ ṣe. Láàárọ̀ Sátidé, níbi tí Teófilo ti ń po ẹ̀kọ ọkà kínúà fún un, Fọtunáta dákẹ́.

Bàbá náà ò sunkún. Ó mú ọ̀bẹ, ó gun òkè lọ. Soráída, tó ti gbọ́ nípa ikú náà, rí i láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e. Ó bá a lórí ìkúnlẹ̀ níwájú òdòdó kan.

"Ẹ gé e, bàbá."

"Mi ò lè gé e."

"Ẹ gé e. Kò sẹ́ni tó rí yín."

Ó gé e. Bó ṣe gé e tán ló bú sẹ́kún. "Yéè, mo gbé! Ẹyọ kan péré ló tọrọ lọ́wọ́ mi! Ẹyọ kan!" Soráída dì í mú títí ó fi lè dìde.

Àmánkáì kì í pẹ́ rọ téèyàn bá ti já a. Teófilo fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn ọmọ iléèwé. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ délé, òdòdó náà ti dorí kodò. Soráída fi í sáàárín ìka òkú bẹ́ẹ̀ náà.

Teófilo jókòó ti ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Nélida," ó ní, "ó ku ogójì."