Bàbá Tọ́-ọ-wò àti Ọ̀dùnkún Tí Kò Dùn

Ọjọ́ tí Bàbá Tọ́-ọ-wò sọ olóúnjẹ òpópónà wa di ẹni tó ń dín ọ̀kùn tà, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo àdúgbò. Akọpátákó ni bàbá náà nígbà ayé rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Olóúnjẹ ní kó bá òun kọ "ỌDUNKUN DIDIN" síwájú ilé oúnjẹ òun tuntun. Bàbá ní, "Jẹ́ kí n tọ́ ọ wò ná." Ó jẹ ẹ́, ó nu ẹnu, ó gun àkàbà. Nígbà tó máa fi sọ̀ kalẹ̀, Ọ ló wà lára pátákó, àlàfo tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà KUN DIDIN.

Ẹ sì mọ̀ pé pátákó kì í ní àmì ohùn. Oníbàárà àkọ́kọ́ tó yọjú kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ìyá, ọ̀kùn lẹ̀ ń dín? Ọ̀kùn ẹlẹ́sẹ̀ rẹpẹtẹ yẹn?" Ó ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ kí wọ́n tó dá a lóhùn.

Olóúnjẹ fi ọwọ́ lérí. "Bàbá, kí ni mo fi ṣe yín?"

"O ò fi nǹkan kan ṣe mí. Ọ̀dùnkún ni pé ó dùn, ó sì kún. Tìrẹ kún inú àwo, mi ò jiyàn. Kò dùn. Mo bá yọ 'dùn' kúrò. Búrọ́ọ̀ṣì mi kì í purọ́. Ọjọ́ tó bá dùn, màá wá fi í sí i."

Iṣẹ́ ilé ìfọṣọ ni obìnrin yìí fi sílẹ̀ nítorí ilé oúnjẹ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti ń sọ káàkiri pé kò ní pẹ́ kógbá wọlé. Wọ́n ní kó pe akọpátákó mìíràn. Ó ní ká má rí i, ẹni tó yọ ọ́ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó dùn, tí yóò sì dá a padà.

Kì í kúkú ṣe òun nìkan. Kò sí ilé oúnjẹ tí bàbá yìí kò wá ọ̀dùnkún dé. Ní ilé oúnjẹ ńlá kan tó ní aṣọ funfun lórí tábìlì, agbáwo gbé pọ̀tétò síwájú rẹ̀. Bàbá wò ó títí.

"Kí lèyí?"

"Ọ̀dùnkún náà ni, Bàbá."

"Ànàmọ́, ọ̀dùnkún gidi, ni mo ní, àna rẹ̀ lo gbé wá. Dá a padà, kí o sì bá mi kí i."

Ìyàwó rẹ̀ ní kí ló dé tí kò jókòó sílé kí òun sè é fún un. Bàbá ní, "Ìyá àwọn ọmọ mi, mi ò lè máa dá ẹjọ́ níbi tí mo ń sùn."

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń dé ọ̀dọ̀ olóúnjẹ wa. "Ó jóná." "Ó ti mu òróró yó." Ní ọdún kejì, ó jẹ ẹ́, ó mirí díẹ̀. "Ó ti ń bọ̀, àmọ́ ó ṣì wà lọ́nà."

Àìsàn wá dé. Oògùn tí wọ́n ń fún bàbá gba adùn lẹ́nu rẹ̀, iyọ̀ àti ṣúgà di ọ̀kan náà. Síbẹ̀, ó fi ọ̀pá rọra rìn dé lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó jẹun títí, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Ẹnu mi ti kú."

Olóúnjẹ bú sẹ́kún. "Bàbá, ọdún mẹ́ta! Ẹ ṣáà sọ pé ó dùn!"

"Kí n wá dòpùrọ́ lọ́jọ́ ogbó? Ìwọ ńkọ́, ṣé ó dùn lẹ́nu tìẹ?"

Ìdúró, lẹ́bàá iná, ni obìnrin náà ti máa ń fi orí ṣíbí tọ́ ọ wò. Kò jókòó tì í rí. Bàbá ti àga sí i. "Jókòó. Jẹ ẹ́ bí oníbàárà." Ó jẹ ẹyọ kan, ó jẹ èkejì, ó gbàgbé pé òun ń sunkún. Ìgbà tó máa fi gbójú sókè, àwo ti ṣófo.

"Bàbá, ó dùn o."

"Ó dá ọ lójú? Má dójú tì mí o."

"Ó dùn! Ó dùn gan-an ni!"

"Ó yá, búrọ́ọ̀ṣì wà nínú àpò mi. Gun àkàbà, kí o kọ ọ́."

Ó gun àkàbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ DUN sínú àlàfo náà. Bàbá di àkàbà mú nísàlẹ̀, ó ń lọgun: "D yẹn ti lóyún, dín ikùn rẹ̀ kù! Kí ló ṣe N, tó dùbúlẹ̀? Jí i dìde!" Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni bàbá jáde láyé. A ṣì máa ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, a ṣì máa ń rẹ́rìn-ín, olóúnjẹ gan-an a sì máa bá wa rín in. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan bi í léèrè pé ṣé inú kì í bí i sí bàbá náà, ó mirí.

"Àwọn yòókù á ní ó dùn, wọn ò ní padà wá. Bàbá ní kò dùn, ó sì ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ mí."