Ìjà Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lórí Ọ̀nà Kejì

Òórùn bẹntiróòlù inú ìgò ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá ti rántí Gbégamey, àdúgbò kan ní Kútọnu. Iwájú ọ́fíìsì wa gan-an ni wọ́n ti ń tà á fún àwọn ọlọ́kadà, á gba ojú fèrèsé wọlé bá wa, a ó sì máa sín títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ló ni ilé-iṣẹ́ náà, ọmọ Àgùdà, àwọn tí baba ńlá wọn ti Brasil padà wálé. Ẹrù ni wọ́n ń bá àwọn oníṣòwò gbà jáde ní èbúté Kútọnu. Èmi ọmọbìnrin Kétu ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà àti íńtánẹ́ẹ̀tì wọn. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ti já, ẹrù kankan kò ní jáde, àwọn oníbàárà á sì ki èébú mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo la ní síta nígbà náà. Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú rúútà, àpótí kékeré tó ń darí ohun gbogbo tó ń jáde, pé ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kan báyìí ni kó máa kó o fún. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà náà bá kú níwájú, rúútà kò ní mọ̀; á kàn máa da nǹkan sínú ihò ṣáá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo pé kí a gba ọ̀nà kejì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí rúútà máa yẹ méjèèjì wò, kí ó yà sí èkejì bí ti àkọ́kọ́ bá kú. Àbúrò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, tí gbogbo wa ń pè ní Fofo bí wọ́n ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbẹ̀, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ ohun tí yóò máa dá ronú lẹ́yìn òun.

Ohun tó yẹ kí o mọ̀ nípa ilé yẹn ni pé àbúrò kì í kojú ẹ̀gbọ́n sọ ọ̀rọ̀ tó bá wúwo. Àbúrò bàbá wọn obìnrin, tí a ń pè ní Tanti, ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èyí dé etí èyí, á sì ti yọ ẹ̀gún inú rẹ̀ kí ó tó gbé e dé ibi tó ń lọ. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò ọdún náà, Tanti kú. A sunkún, a sin ín, a padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ẹni tí yóò máa gbé ọ̀rọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan láti ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì mìíràn gbé ọ̀pá irin kan wọlé, ó fi tẹ̀ríntẹ̀rín gbé e ti ògiri. "Ọ̀gá, ọ̀pá áńtẹ́nà ọ̀nà kejì yín rèé. Àbúrò yín ti bá wa parí ọ̀rọ̀, orí òrùlé ló kù."

Fofo yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ta lo gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ta ni kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Tanti ti kú."

Ìgbátí ni Fofo fi dá a lóhùn, lójú àlejò. Àbúrò sáré fi orí kan Fofo láyà, àwọn méjèèjì sì gba inú gíláàsì tó pín ọ́fíìsì sí méjì kọjá, gíláàsì fọ́ lé wọn lórí. Wọ́n ń yí nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ta sára ògiri, Fofo ń fi ìkúùkù gún un lẹ́nu títí eyín fi yọ. Ìgbà náà ni àbúrò fa wáyà rúútà já kúrò lára ògiri, ó wé e mọ́ Fofo lọ́rùn, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, ó ń fà á. Mo rí ojú Fofo tó ń yọ síta, ahọ́n rẹ̀ ti ń dúdú. Onítọ̀hún tó gbé ọ̀pá wá ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ fún wa. Mo pariwo, mo fà wọ́n láṣọ, asán ni. Mo bá ki ọwọ́ àbúrò bọ ẹnu, mo gé e jẹ títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó jọ̀wọ́ wáyà. Fofo kò tíì mí délẹ̀ tó fi gbá ọ̀pá irin yẹn mú, tó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ là á mọ́ àbúrò rẹ̀ lójú òsì. Igbe tó ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Má bi mí bóyá ó yẹ kí n gé e jẹ. Bí n kò bá gé e jẹ, òkú là bá gbé.

Fofo fúnra rẹ̀ ló bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, tó dì í mọ́ ojú àbúrò rẹ̀, tó há a sáàárín ara rẹ̀ àti ọlọ́kadà, wọ́n gba inú ọjà lọ sí ọsibítù. Èmi ń tẹ̀lé wọn lórí ọ̀kadà mìíràn, mo ń ṣépè fún àwọn méjèèjì. Dókítà kò rí ojú náà gbà là.

Lọ́jọ́ kejì, Fofo dúró ti ògiri yàrá tí wọ́n tẹ́ àbúrò rẹ̀ sí ní ọsibítù, àpá wáyà pọ́n roro yí ọrùn rẹ̀ ká. Àbúrò la ojú kan tó kù, èmi ló wò.

"Bá mi sọ fún Fofo pé kí wọ́n jókòó."

Fofo náà wò mí. "Sọ fún un pé mi ò fẹ́ jókòó."

Lójú ara wọn! Ó wá yé mi: Tanti ti kú, wọ́n ṣì ń kó ọ̀rọ̀ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀, èmi ni wọ́n sì fẹ́ fi dípò. Inú bí mi. "Èmi kì í ṣe rúútà yín o! Ẹ ti fọ́ ojú, díẹ̀ ló kù kí ẹ pa èèyàn, ẹ ò sì tíì lè la ẹnu bá ara yín sọ̀rọ̀?" Mo jáde, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo wá fi etí lẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ohùn àbúrò.

"Fofo, ọrùn yín ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń dùn yín?"

Ẹkún Fofo ni mo gbọ́, ẹkún àgbà ọkùnrin tí kò mọ bí a ti ń sun ún.

A padà gbé áńtẹ́nà náà sórí òrùlé, Fofo ló di àkàbà mú fún àbúrò rẹ̀. Mo ti so ọ̀nà méjì fún ilé-iṣẹ́ púpọ̀ láti ìgbà náà. Kí n tó ṣí àpò irinṣẹ́ mi, mo máa ń bi àwọn tó ni ibẹ̀ pé, bí ẹni tó ń bá yín gbé ọ̀rọ̀ kò bá sí mọ́, ṣé ẹ lè bá ara yín sọ̀rọ̀? Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní mò ń ṣàwàdà. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà kejì ná ilé yẹn ní ojú kan.