Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Kọ̀ǹpútà Parí Sí

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ò tíì yé mi tán.

Ọ́fíìsì kékeré kan ní Bódìjà ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Oníbàárà á tẹ ẹ̀wà tàbí gàrí tó fẹ́ sórí fóònù, àwa á rà á lọ́jà, ọlọ́kadà á gbé e lọ sílé ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ́dà àwọn ará Baṣọ̀run, ìyẹn ohun tí wọ́n ní ká rà, ṣáà ń sọnù nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá wa obìnrin, tá a ń pè ní Ànńtí, ní tí n bá rí ìdí ẹ̀ ká tó tilẹ̀kùn lọ́jọ́ Fúráìdè yẹn, àwọn á gbà mí síṣẹ́ gidi. Tí n ò bá rí i, kí n máa lọ sílé ní àlàáfíà.

Kọ̀ǹpútà ní fáìlì kan tó máa ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sí. Tí nǹkan bá bàjẹ́, á kọ déètì àti ERROR, á wá máa ṣàlàyé lọ sísàlẹ̀, ìlà lórí ìlà. Mo kọ ohun tí mò ń wá: ERROR, lẹ́yìn náà dọ́ọ̀tì àti ìràwọ̀, tó túmọ̀ sí pé ohunkóhun lè wà láàárín, lẹ́yìn náà Baṣọ̀run. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀, mò ń fojú mi rí méjèèjì. ERROR wà lókè, Baṣọ̀run wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Mo nu ojú mi. Mo nu ojú kọ̀ǹpútà.

Bọ̀dá tó jókòó tì mí, tí wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, yọjú. "Ṣé àdúrà lò ń gbà sí i ni? Dọ́ọ̀tì kì í kọjá ìlà. Tó bá ti dé ìparí ìlà, ó ti dúró nìyẹn."

"Ta ló fòfin dè é?"

"Èmi kọ́. Sọ fún un pé kó máa kọjá." Wọ́n fi ohun tí mo máa tẹ̀ hàn mí.

Mo tẹ̀ ẹ́, gbogbo fáìlì di yẹ́lò, àwọ̀ tó fi ń sàmì sí ohun tó bá rí, láti ERROR àkọ́kọ́ títí dé Baṣọ̀run tó gbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ ìjẹta, tàná àti tòní wọnú ara wọn.

"O ní kó máa lọ," Bọ̀dá ní, "o ò sọ ibi tó máa dúró fún un."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Aláṣọ funfun ni wá l'Ágbowó, èmi ni mo sì máa ń kọ ìran sílẹ̀. Ìyá aríran á sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á tún máa sọ lọ. Akọ̀wé tó bá dúró nígbà tí wọ́n mí, á gé ọ̀rọ̀ sí méjì. Èyí tí ò bá sì mọ ìgbà tí aríran míì bẹ̀rẹ̀, á gbé ìkìlọ̀ aboyún fún awakọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé kí n máa kọ lọ, àfi tí aríran míì bá ní, "Báyìí ni Ẹ̀mí wí."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún un pé kó dúró níbi tí déètì míì bá ti bẹ̀rẹ̀?"

Wọ́n wò mí. "Fi àmì ìbéèrè sẹ́yìn ìràwọ̀ yẹn, kó o kọ bí déètì ṣe máa ń rí tẹ̀ lé e."

"Àmì ìbéèrè? Kí là ń bi í?"

"A ò bi í ní nǹkan kan. Òun ló máa jẹ́ kó dúró ní déètì àkọ́kọ́ tó bá rí. Ṣáà fi síbẹ̀."

Mo fi síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró láyè ara ẹ̀. Mo ka àwọn tó ní Baṣọ̀run nínú, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Àwọn ará ibẹ̀ tí ilé wọn ò ní nọ́ńbà máa ń júwe ọ̀nà: ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á bọ́ sí ìlà kejì, ẹ rí géètì aláwọ̀ ewé, wọ́n á tún bọ́ sí ìlà kẹta, ẹ bi ìyá tó ń ta epo. Ìlà kan ṣoṣo ni àyè àdírẹ́sì wa gbà. Tó bá ti rí ìlà kejì, á da ọ́dà nù. Àṣé ọ̀rọ̀ ìparí ìlà tó ń ṣe èmi náà ló ń ṣe wọ́n.

Ànńtí kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Mọ́ńdè, tètè dé o," wọ́n ní. "Ìwọ lo máa bá wa fẹ àyè yẹn."

Mo wọ takisí, mò ń rẹ́rìn-ín bí wèrè, Agbowó tó yẹ kí n ti bọ́ọ́lẹ̀ kọjá lójú mi, n ò mọ̀. Ọ̀jọ́ọ̀ la dé kí awakọ̀ tó bi mí bóyá mi ò ní bọ́ọ́lẹ̀ ni. Àmì ìbéèrè yẹn ni mò ń rò.