Ọjọ́ Tí Àbúrò Mi Sọ Yorùbá

Lánàá, ọmọ mi fi Yorùbá dá mi lóhùn, mo sì sáré fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú condo wa ní Toronto, flu dá àbúrò mi dùbúlẹ̀, òórùn ìpara tí Mọ́mì fi ra á láyà gba gbogbo ilé. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló máa ń fi dá wa lóhùn. Ó dédé dìde, ó kúnlẹ̀ síwájú ògiri: “Ẹ káàsán, sà. Ẹ jókòó.”

Inú Mọ́mì dùn ṣìnkìn. Wọ́n fi fóònù ká ohùn rẹ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Màmá, ìyá wọn, n'Íbàdàn. Èmi ń wá ẹni tí àbúrò mi ń kí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé flu lè wọ ọpọlọ ọmọdé débi pé á máa rí ohun tí kò sí.

Màmá pè kíá: “Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?”