Ìka Méjì Péré ni Táyà Náà Fi Ga

Oṣù mẹ́jọ ni mọ́tò náà lò nínú ọgbà wa ní Ayọ̀bọ̀ kí ìyàwó mi tó jókòó sínú ẹ̀. Ẹ má rò pé ìjà la jà o. Mọ́tò náà ló kúrú jù, orúnkún ìyàwó mi sì ti pinnu láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pé òun ò ní tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yáa jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Spọ́ọ̀tì-káà ni mo rà. Onílẹ̀kùn méjì, pupa fòò, tòkunbọ̀, irú èyí tó jẹ́ pé bí èèyàn bá dúró tì í, òrùlé ẹ̀ ò ní ju ìdodo èèyàn lọ. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ adójútòfò, tó jẹ́ pé iṣẹ́ mi ni kí n máa wo ilé, kí n máa wo mọ́tò, kí n máa wo ẹ̀rọ, kí n sì sọ iye ọdún tó kù kí ó tó bàjẹ́! Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, mo gbé gbogbo ọgbọ́n yẹn sílẹ̀ lórí tábìlì ọ́fíìsì, mo lọ ra mọ́tò tí wọ́n ṣe fún eré àsápajúdé, láti máa wà á ládùúgbò tí ewúrẹ́ ti ń ya mọ́tò sílẹ̀. Àwọn ọmọ mi pe ara wọn jọ lórí fóònù, wọ́n ní ṣé ara Dádì yá báyìí?

Ara mi yá. Ìlérí ni mo ń mú ṣẹ.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ ìyàwó mi, àwa méjèèjì dúró ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù kan ní Akọ́wọ́njọ lẹ́yìn òjò. Mọ́tò kúkúrú kan báyìí, onílẹ̀kùn méjì, já wọ inú omi, ó sì fi ẹrẹ̀ wẹ̀ wá láti orí dé ẹsẹ̀. Búláòsì funfun ni ìyàwó mi wọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo nu ojú mi, mo ní, "Má da ara ẹ láàmú. Lọ́jọ́ kan, èmi náà á gbé ẹ sínú irú mọ́tò yìí." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Kí ẹ ṣáà má fi ẹrẹ̀ wẹ ẹlòmíì o." Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí n gbádùn. Bí mo bá ra fáànù, á ní, "Ẹ ṣé. Mọ́tò kúkúrú mi ńkọ́?" Bí mo bá ra ilẹ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Mọ́tò kúkúrú mi ńkọ́?" Ó pé ọgbọ̀n ọdún ó lé tó ti ń bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo yìí.

Mọ́tò wá dé. Ìyàwó mi jáde, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣílẹ̀kùn, ó kẹ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sísàlẹ̀. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí orúnkún ẹ̀ fi dún. Mo gbọ́ ọ níbi tí mo dúró sí. Ó gbá òrùlé mọ́tò mú, ó nàró, ó ní, "Ó rẹwà, Dádì. Ẹ máa wà á." Ó bá padà sídìí ẹ̀wà tó ń ṣà.

Inú bí mi. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, òun á wọ kẹ̀kẹ́ màrúwá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi á dá wa mọ́tò mi, Bíbélì mi nìkan ló máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ dé. Kẹ̀kẹ́ máa ń fo kòtò ni. Èmi máa ń dúró níwájú kòtò kọ̀ọ̀kan, màá sọ̀ kalẹ̀, màá wò ó lọ́tùn-ún, màá wò ó lósì, bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. Ìgbà tí mo bá fi máa dé, wọ́n á ti máa ka ìfilọ̀.

Pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yẹn náà, àwọn kòtò yẹn jẹ táyà mi tán. Fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní ìta wa gbé èkíní sókè, ó mi orí. "Bàbá, irin ló pọ̀ níbí o. Rọ́bà tó yí i ká ò ju ọ̀já lọ." Èkíní gé. Èkejì yọ gẹ̀gẹ̀ légbẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹta ń rọra mí èémí sílẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀. Ìkẹrin wá dójú tì mí níwájú ilé alága ẹgbẹ́ àwọn onílé, lọ́jọ́ ìpàdé, tí gbogbo wọn wà lórí ìjókòó.

Kí la fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà tẹ́lẹ̀? Gọ́tà ni. Wọ́n pa gọ́tà tì, táyà mi ni wọ́n gbé sọ. Ọ̀kan ní kí n lọ ra táyà tòkunbọ̀, pé èyí tó ti gbé òkè òkun rí kò lè bẹ̀rù Ayọ̀bọ̀. Òmíràn ní imú ni wọ́n fi ń ra táyà, kí n gbóòórùn ẹ̀ dáadáa. Ẹ̀kẹta ní ẹnì kan wà ní Bárúwà tó lo ẹyọ mẹ́rin títí ọmọ ẹ̀ àbíkẹ́yìn fi gboyè. Mo ń wò wọ́n. Èmi tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń ka ohun tí wọ́n kọ ní wínníwínní sí ìsàlẹ̀ ìwé, wọ́n ní kí n máa fi imú ra táyà!

Mo ṣe é bí ọ̀mọ̀wé. Mo kà á lórí fóònù pé nọ́ńbà mẹ́rin kan wà légbẹ̀ẹ́ táyà, méjì àkọ́kọ́ ń sọ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ń sọ ọdún. Ni mo bá kó ìwé àti bírò, mo bẹ̀rẹ̀ láti Ìgàndò. Màá lóṣòó níwájú táyà, màá tan iná fóònù sí i, màá yí orí sọ́tùn-ún, yí i sósì, títí màá fi rí nọ́ńbà náà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, bí mo bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn ọlọ́jà á máa pe ara wọn: "Ìnsìpẹ́kítọ̀ ti dé o!" Mò ń ka nọ́ńbà mi lọ. Ohun tí mò ń wá ò ju méjì lọ: táyà tó máa pẹ́, tí kò sì ní gbé mọ́tò mi ga ju bó ṣe wà lọ. Kúkúrú yẹn lẹwà ẹ̀.

Ọjọ́ tí mo máa dé Ìkòtun, ìyàwó mi ní òun náà ń bọ̀, pé òróró tí òun fi ń pa orúnkún ti tán. Kẹ̀kẹ́ la wọ̀, nítorí mọ́tò mi wà lórí bíríkì. A kọ́kọ́ ra òróró, a wá yà sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó jókòó lórí táyà mẹ́ta tó tò léra, tó ń jẹ ẹ̀pà. Mo ní kó má fi ọ̀rọ̀ pa mí, kó sọ òótọ́.

Ó ní, "Dádì, oríṣi méjì ló wà. Èyí rọ̀, ó ń di ilẹ̀ mú, eré ni wọ́n ṣe é fún, àmọ́ kò ní pẹ́. Èyí le, ara ẹ̀ nípọn, kòtò ò lè tètè gé e. Á pẹ́ dáadáa. Ó kàn máa gbé mọ́tò yín sókè díẹ̀ ni."

"Díẹ̀ bíi báwo?"

Ó na ìka méjì. Mo fò sókè.

"Rárá o! Ìka méjì kẹ̀? Kí mọ́tò mi wá dà bí ìyá arúgbó tó ká ìró sókè sọdá àgbàrá?"

Mo tún yíjú sí obìnrin náà, mo ní, "Èyí tó rọ̀ yẹn, báwo ló ṣe lè sáré tó?"

Ó ju ẹ̀pà sẹ́nu. "Dádì, níbo gan-an lẹ ti fẹ́ sá a?"

Ìyàwó mi wúkọ́. Mo mọ ikọ́ yẹn, ẹ̀rín ni.

Mo bínú, mo ní, "Èyí tó le ńkọ́? Ọdún mélòó ló máa lò?"

"Ọdún mẹ́fà, bí ẹ bá tọ́jú ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn á gbẹ, ẹ wà á o, ẹ ò wà á o. Èyí tó jókòó sójú kan náà ń darúgbó."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: ọdún mẹ́fà. Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu. "Àǹtí, ìka méjì tí ẹ wí yẹn, ṣé ìka tiyín ni àbí tèmi?" Obìnrin náà wò ó, ó wo òróró orúnkún tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó rọra ní, "Tiyín ni, Mọ́mì. Ìka yín nípọn ju tèmi lọ." Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Èmi ti lóṣòó sídìí táyà, mò ń ka nọ́ńbà. Mo ní màá lọ rò ó, a sì padà sílé.

Ní ọjọ́ kẹta, mo jáde láàárọ̀ láti lọ ra búrẹ́dì, mo dé géètì kí n tó rántí pé n ò mú owó. Bí mo ṣe padà, mo rí ìyàwó mi láti ojú fèrèsé. Ó wà láàárín pálọ̀, teèpù tó fi ń ránṣọ wà lọ́rùn ẹ̀. Ó gbé àpótí ìdáná sílẹ̀, ó to àwọn ìwé tí mo kó wálé láti ọ́fíìsì lé e lórí. Ó wọ̀n ọ́n. Ó kẹ̀yìn sí i, ó ń kà á sẹ́nu, "Ení, èjì," ó ń tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú ẹ̀ fún pọ̀, títí tó fi jókòó. Ó gbá tábìlì àárín mú, ó dìde. Ó wá yọ ìwé kan kúrò, ó tún gbìyànjú. Kò lè dé ìsàlẹ̀. Ó dúró, ó mí kanlẹ̀, ó dá ìwé náà padà, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tó lọ sí kíṣínì, mo wọlé, mo fi ọwọ́ wọn ìwé tó ń yọ tó ń dá padà yẹn. Ìka méjì géérégé ni. Mo bojú wo àga mọ́tò lẹ́yìn náà, mo rí ibi tó ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ níbi tó ti wọ̀n ọ́n. Ojú tì mí débi pé n ò lọ ra búrẹ́dì náà mọ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń bínú sí obìnrin yìí pé kò ka mọ́tò mi sí!

Ìkòtun ni mo gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù ò tilẹ̀ bi mí ní nǹkan kan. Ó nawọ́ sí igun, ó ní, "Mo ti kó wọn sọ́tọ̀ fún yín láti ọjọ́ yẹn." Mo so wọ́n mọ́ mọ́tò, ó sì ga lóòótọ́. Alága onílé ní mọ́tò mi ti wọ bàtà gogoro. Mo dá a lóhùn pé bí táyà bá máa pẹ́, ó gbọ́dọ̀ nípọn, pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. N ò sọ̀rọ̀ ìwé orí àpótí fún un.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo ṣílẹ̀kùn fún ìyàwó mi. Ó kẹ̀yìn sí mọ́tò, mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ sẹ́nu, "Ení, èjì," ó sì já lu àga. "Yéè! Mo ti wọlé! Dádì, mo ti wọlé o!" Ó pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Ẹni tó máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e yà wá sílẹ̀ lórí ìrìn àkọ́kọ́, ó kígbe pé, "Mọ́mì, ẹ ti já mi jù sílẹ̀!" Ìyàwó mi juwọ́ sí i bí ìyàwó gómìnà. Nígbà tí a dé ibi tí omi dárogún sí, tí àwọn èèyàn dúró létí ẹ̀, ó fọwọ́ bà mí léjìká. "Ẹ rọra. Ẹ má fi ẹrẹ̀ wẹ ẹlòmíì o." Mo tẹ bíréèkì, mo rọra gba inú omi náà kọjá.

A dé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn fún un. Kò dìde. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó padà.

"Dádì, n ò lè dìde."

"Ṣebí o ti fi dánra wò nílé?" Ó já bọ́ lẹ́nu mi.

Ó wò mí. Ó wá rí i pé mo ti mọ̀. "Tábìlì àárín ni mo máa ń dì mú nílé," ó ní, "n ò ronú kan tábìlì rárá." Ẹ̀rín pa á, ẹ̀rín pa èmi náà. Àwọn tó ń to èèyàn sí ìjókòó sáré wá, ó lé wọn padà. Agogo lù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin ìwọlé, àwa ṣì wà níta.

Mo lóṣòó síwájú ẹ̀. Mo ní, "Èmi nìyí. Dì mí mú."

Ó wò mí láti orí dé bàtà. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ń wá nǹkan légbẹ̀ẹ́ ọrùn mi, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń wá nọ́ńbà lára táyà.

"Ẹ̀yin?" ó ní. "Ọdún mélòó ló kù lára yín?"

Mo tẹ ọrùn sílẹ̀ fún un. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń dáhùn ìbéèrè yẹn fún àwọn oníbàárà. Ìyàwó mi náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kó ọwọ́ méjèèjì kọ́ mi lọ́rùn.

"Ó dáa," ó ní, "ẹ gbé mi."

Mo gbé e. Ìbàdí mi dún ju orúnkún ẹ̀ lọ. A dìde, a dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò pupa náà, a sì di ara wa mú títí wọ́n fi kọ orin náà tán, torí kò sí ẹni tó dá lójú nínú àwa méjèèjì pé òun lè dá dúró.