Gàrí Títí Ẹ́ńjìnnì Yóò Fi Tutù

Ooru funfun ń ru túú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ọmọ mi, níwájú apátímẹ́ǹtì wa ní Fondren, lókè òkun níbí. Omi aláwọ̀ ewé ń kán sórí kọnkéré, òórùn rẹ̀ dà bíi súìtì tó jóná. Ọmọ mi ti fi àkísà wé ọwọ́, ó ń na án sí ìdérí rédíétọ̀. Mo kígbe láti orí àga mi:

"Yọwọ́ ńbẹ̀!"

"Mọ́mì, wọ́tà pọ́ǹpù ló bàjẹ́. Mo ti ra tuntun. Ẹ jẹ́ n ṣe é kíá. Richmond ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la. Tí mi ò bá dé, ẹlòmíì ni wọ́n máa gbà."

"Mo gbọ́. Yọwọ́ ná. Jẹ́ n lọ bu gàrí wá, kó o mu ún."

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti ń dàrú. Kò mọ bàbá tó kọ́ mi ní èyí ni.

Ní Ìkirè, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mẹkáníìkì kan ní ṣọ́ọ̀bù létí títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyá mi ti ń dín dòdò. Òórùn epo gbígbóná tiwa àti òórùn epo ọkọ̀ tiwọn máa ń pàdé lójú ọ̀nà láti àárọ̀. Bàbá náà rí tínínrín, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí wọ́n bá ń tú nǹkan, wọ́n á máa kun orin ṣọ́ọ̀ṣì sábẹ́ imú.

Tí ọkọ̀ bá gbóná dé, awakọ̀ á bẹ́ sílẹ̀, á máa pariwo. Bàbá á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n á ké sí mi pé, "Ìyá kékeré, gbé dòdò wá." Wọ́n á bu gàrí sínú abọ́ ńlá, wọ́n á bomi tútù inú ìkòkò sí i, wọ́n á gbé e lé awakọ̀ lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, awakọ̀ kan kọ̀ jálẹ̀.

"Bàbá, ebi ò pa mí! Ìyàwó mi bímọ sí ọsibítù, òun àtọmọ ń retí mi kí n wá gbé wọn lọ sílé!"

"Ta ló ń sọ ti ebi? Ojú tí ìyàwó ẹ mọ̀ ni kó o gbé lọ bá a. Jókòó."

Ó jókòó. Tìbínú-tìbínú ló fi ń mu gàrí náà, tó ń rún dòdò wàrà-wàrà. Nígbà tó máa fi rí ìdí abọ́, ooru ti lọ. Bàbá wá tú pọ́ǹpù tó bàjẹ́. Wọ́n fi ọ̀bẹ ha páálí àtijọ́ tó ń dí omi, tó ti gbẹ mọ́ ojú irin, bí ẹni ń ha ìpẹ́ ẹja. Wọ́n fi ìka yí pọ́ǹpù tuntun wò kí wọ́n tó dè é. Kí oòrùn tó wọ̀, ọkùnrin náà ti lọ gbé ìyàwó rẹ̀.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń fún àwọn aláriwo ní gàrí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fa kọ́là ẹ̀wù sílẹ̀. Awọ ọrùn wọn dán, ó sún jọ bíi ọ̀rá tí iná rà.

"Lọ́jọ́ tèmi, kò sẹ́ni tó fún mi ní gàrí. Ẹni tó bá gbé abọ́ dání, ọwọ́ ẹ̀ ò ráyè ṣí ìdérí gbígbóná."

Ọmọ mi mu gàrí tirẹ̀ lórí kọnkéré, ó ń fi ẹ̀pà sí i, ó ń kùn. "Mọ́mì, iṣẹ́ ni mo fẹ́ lọ ṣe o, kì í ṣe pé mo fẹ́ sanra." Ó mu ún tán. Ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ó tutù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti pààrọ̀ pọ́ǹpù, ọkọ̀ ń dún jẹ́ẹ́, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Láàárọ̀, mo dúró lójú wíńdò títí iná ẹ̀yìn rẹ̀ fi yà sí títì.

Mi ò mọ ọkọ̀ tún ṣe títí dòní. Àmọ́ tí mo bá rí ẹni tó ń kánjú sídìí ohun gbígbóná, abọ́ ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ máa ń wá. Nígbà tó yá, mo ṣí búùtù ọkọ̀ ọmọ mi láti kó iṣu tí a rà ní Stafford sí i. Mo bá abọ́ kan níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípánà, àti gàrí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, pẹ̀lú ike omi. Mo rọra sún iṣu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má bàa tẹ gàrí náà.