Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Ọkọ Mi Tún Ṣe Jù

Ọdún kan náà ni wọ́n bí èmi àti ọkọ mi, nítorí náà n kì í fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ bínú máa bínú. Aago ló fi ogójì ọdún tún ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì sọ ọ́ ní Sùúrù. Sùúrù ni lóòótọ́, àmọ́ èmi tí mo ń bá a gbé ni mo mọ ohun tí ojú mi ti rí lọ́wọ́ sùúrù yẹn.

Bó ṣe fẹ̀yìn tì ló gbé iṣẹ́ mìíràn wọlé: ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, àwọn kékeré onípáànù tí ọmọdé fi ń ṣeré, tí wọ́n máa ń fi kọ́kọ́rọ́ yí kí wọ́n tó sáré. Tábìlì ìjẹun mi di ilé iṣẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló fi ń fọ ẹsẹ̀ wọn. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ mi ló fi ń kán epo sí àwọn ihò tí èmi kò tilẹ̀ rí. Òórùn kẹrosíìnì kò kúrò lára aṣọ fèrèsé. Tí mo bá pariwo, á ní, "Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi." Èmi náà á ní kí ìgbín wá igi mìíràn gùn, kó fi tábìlì mi sílẹ̀.

Ọ̀kan wà tí kì í fọwọ́ kàn, tó wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn wa. Bàbá rẹ̀ ló rà á fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọkọ mi nígbà tó já a sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan tẹ̀ wọnú, sípíríǹgì já, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ní òun lòun ṣe é. Bàbá wọn na Ẹ̀gbọ́n nínà tí àwọn aládùúgbò fi wá bẹ̀bẹ̀. Lọ́dún tí a ṣègbéyàwó ni ọkọ mi sọ ọ́ fún mi, omi sì lé sójú rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn dá Ẹ̀gbọ́n dùbúlẹ̀. Ojú wọn ti fọ́ láti ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà. Ọmọbìnrin wọn ló ń tọ́jú wọn, òpópónà méjì péré ló sì wà láàárín ilé wọn àti tiwa. Dókítà ti sọ fún wa pé ọjọ́ wọn kò kù púpọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, Ẹ̀gbọ́n bi ọkọ mi pé, "Ọkọ̀ wa ìjọ́sí dà? Mo fẹ́ dì í mú lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó délé, ó fa àpótí yọ. Mo ní, "Gbé e lọ bó ṣe wà."

"Ṣé àbùkù mi ni kí n tún gbé lé wọn lọ́wọ́? Màá dá a padà bó ṣe wà kí n tó bà á jẹ́."

Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó tú u palẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó gé sípíríǹgì láti ara aago ògiri kan. Ó fi òòlù onígi lu ibi tó tẹ̀ wọnú jáde láti inú, díẹ̀díẹ̀, ó fi sáńpépà yún un, ó kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó lè sọ pé nǹkan kan ṣe é rí. Èmi alára yìn ín, mi ò ní purọ́.

A jọ gbé e lọ ni. Ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, wọ́n gbà á. Ìka wọn rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àtàǹpàkò wọn ń lọ, ó ń bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni ń wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dáa gan-an. Níbo lo ti rí i rà?"

"Bọ̀dá mi, tiwa ni o."

"Hẹn-ẹn. O ṣeun, àbúrò mi. Tiwa ńkọ́? Ṣé ó ti sọnù ni?"

"Tiwa náà nìyí! Mo tún un ṣe ni!"

"Má yọ ara ẹ lẹ́nu. Tó bá ti sọnù, kò burú. Ọjọ́ ti pẹ́."

Wọ́n ń pẹ̀tù sí i lọ́kàn bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ọmọbìnrin wọn sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. "Bàbá kékeré, ibi tó tẹ̀ wọnú yẹn dà? Bàbá máa ń sọ fún wa pé lọ́jọ́ tí wọ́n nà wọ́n, àtàǹpàkò wọn ni wọ́n tì bọ ibẹ̀ títí oorun fi gbé wọn lọ. Wọ́n ní ó di àṣà àwọn títí àwọn fi dàgbà."

A délé, mo ní, "Tẹ̀ ẹ́ padà!" Ó mú òòlù kékeré olórí róbótó, ó sì gbé e sílẹ̀. Láti ogójì ọdún, ọwọ́ yẹn kò mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ rí. Ó ní ó gbọ́dọ̀ rí bó ṣe rí gẹ́lẹ́, kó má jìn jù, kó má fẹ̀ jù. Ara agolo mílíìkì ló ti ń dán an wò, tó ń fi àtàǹpàkò tirẹ̀ wọ̀n ọ́n. Agolo mẹ́sàn-án, ọjọ́ méjì. Mo bú u, mo bẹ̀ ẹ́. Ìgbín ṣì ń gun igi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ ìró òòlù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó jáde, ọkọ̀ náà wà láyà rẹ̀, a sì sáré lọ. Ẹkún ọmọbìnrin yẹn la gbọ́ ká tó kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ti lọ ní kùtùkùtù.

Ọkọ mi kúnlẹ̀ ti ibùsùn. Ó ṣí ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n, tí kò tíì le, ó gbé ọkọ̀ náà sí i, ó sì fi àtàǹpàkò wọn sí ibi tó tẹ̀ wọnú náà. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú.

"Bọ̀dá mi, tiwa rèé."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, tó ń dúró lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń retí èsì. Mo kúnlẹ̀ tì í.